Wọ́n gún ọmọ mi ní gìgísẹ̀, ọjọ́ kẹtàlélógójì ni èsì tó dé

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún ilé àyẹ̀wò yìí. Ọkọ mi ní mẹ́rin ló tọ́ sí wọn, torí pé iná wọn kì í lọ, ilé ìyàgbẹ́ wọn sì mọ́ tónítóní. Àǹtí mi tó ń gbé ní Nyanya ní ìdajì ìràwọ̀ gan-an ti pọ̀ jù fún wọn. Mo dúró sórí mẹ́ta, màá sì sọ ìdí rẹ̀. Ẹ ṣáà fara balẹ̀ bá mi, ọmọ wà lẹ́yìn mi bí mo ṣe ń tẹ èyí.

N kò ní dárúkọ wọn. Gwarinpa ní Àbújá ni wọ́n wà, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n ya àtẹ́lẹsẹ̀ ìkókó sára pátákó wọn. Àyẹ̀wò ọmọ tuntun ni wọ́n ń tà: wọ́n á gún ọmọ ní gìgísẹ̀, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí ìwé, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí Íńdíà, àwọn tọ̀hún á wá yẹ̀ ẹ́ wò fún àìsàn tó lé ní àádọ́ta, irú èyí tí kì í hàn lójú ọmọ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Wọ́n á yẹ etí wò, wọ́n á yẹ ọkàn wò. ₦210,000 ni wọ́n dá lé e. A dúnàádúrà títí, wọ́n gbà á ní ₦185,000. Ọmọbìnrin tó ń gbowó ní kò sí ẹni tó ń ná ọjà àyẹ̀wò. Mo ní kó wá wo èmi.

Ẹrù ọmọ ni mo ń tà ní ọjà Wuse: pámpásì, àwọ̀n ẹ̀fọn, fìlà, ìbọ̀sẹ̀, ọ̀já, ọṣẹ ọmọ. Oníbàárà mi kan tó bí àkọ́bí rẹ̀ sí London ló kọ́kọ́ sọ ọ́ létí mi. Ó ní lọ́jọ́ karùn-ún tí òun bímọ, agbẹ̀bí wá bá òun nílé, ó gún ọmọ ní gìgísẹ̀, ó kó ìwé rẹ̀, ó lọ, kò gba kọ́bọ̀. Ó rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é níbi gbogbo. Mo ní, "Àǹtí, ẹ wá wo Kubwa tí èmi ń gbé."

Èmi kò nílò ẹni tí yóò rọ̀ mí. AS ni mí, AS ni ọkọ mi. A mọ̀ kí á tó fẹ́ra, ẹ má wulẹ̀ bú wa, àwọn tó bú wa nígbà náà ti bú wa tó. Àkọ́bí wa jẹ́ AA, èkejì AS. Ìkẹta yìí lẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, torí pé oyún kọ̀ọ̀kan ló ń ta tẹ́tẹ́ tirẹ̀: ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ó lè jẹ́ SS, ti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sì gbà á sílẹ̀.

Mo ní àbúrò kan rí, ní Ìsẹ́yìn. Kòkúmọ́ ni wọ́n ń pè é. Àwọn méjì ti lọ ṣáájú rẹ̀, wọ́n ní àbíkú ni, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ ẹ̀bẹ̀. Lóru, tí egungun bá ń fún un, bàbá wa á fi àdín pa á lára, wọ́n á ní làkúrègbé ni, wọ́n á ní ó ti fò jù lọ́sàn-án. Ẹyinjú rẹ̀ a máa pọ́n bí ìyeyè. Ó ti pé ọmọ ọdún méje kí dókítà kan ní Ìbàdàn tó kọ SS sínú ìwé rẹ̀. Ọdún 1998 ló kú, ó ku oṣù méjì kó pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Fòníkú-fọ̀ladìde ni a ń pe àìsàn náà ní Yorùbá. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn ti jókòó ti ọmọ bẹ́ẹ̀ lóru rí.

Ohun tó ń ká mi lára títí dòní ni pé ní 1986, ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó bí Kòkúmọ́, ìwádìí kan ti jáde ní Amẹ́ríkà pé tí wọ́n bá tètè mọ ọmọ tó jẹ́ SS, tí wọ́n sì ń fún un ní pẹnisílínì lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láti kékeré, àkóràn burúkú tó máa ń pa wọ́n dín kù ní ìdá 84 nínú 100. Pẹnisílínì! Kò sí ìgbà kan tí kò sí pẹnisílínì ní Ìsẹ́yìn. Ẹni tí wọ́n máa fún ni wọn kò mọ̀.

Nítorí náà mo ti fi owó pamọ́ láti ìgbà tí oyún ti wà ní oṣù karùn-ún. Ọjọ́rú lálẹ́ ni mo bí, ọjọ́ Jímọ̀ ní aago mẹ́wàá a ti wà lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ ti lo ó kéré tán wákàtí 24 láyé, kó sì ti mu ọmú dáadáa, torí pé púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń wá jẹ́ ti ara tí kò mọ bó ṣe máa lo oúnjẹ. Tí oúnjẹ kò bá tíì wọlé, kò sí ohun tí wọ́n máa rí. Ẹ̀rọ amúlétutù yàrá ìdúró wọn le bíi ilé ẹja dídì. Ibi tí ìkókó pọ̀ sí bẹ́ẹ̀! Mo ní kí wọ́n pa á, wọ́n ní ọ̀gá ló mú rìmóòtù dání.

Nọ́ọ̀sì tó ṣe iṣẹ́ náà, ìyá àgbàlagbà kan tó ń gbọ́ Haúsá àti Tiv, òun nìkan ló gba méjì nínú ìràwọ̀ mẹ́ta tí mo fún wọn. Ó fi aṣọ tó ti rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ di ẹsẹ̀ ọmọ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ̀jẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀. Ó ní kí n ki ọmú bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ọmọ tó ń mu ọmú kì í mọ ìrora tó èyí tó dùbúlẹ̀ lásán. Ẹ̀gbẹ́ gìgísẹ̀ ló gún, kò gún àárín, torí pé egungun kò jìnnà sí awọ ní àárín. Ó nu ẹ̀kán àkọ́kọ́ nù. Ó jẹ́ kí èkejì tóbi títí tó fi rọ̀ dẹ̀dẹ̀, ó wá jẹ́ kó kan ìwé, ìwé fà á mu, òbìrí kan kún. Òbìrí márùn-ún ló wà lórí káàdì, ẹ̀kán kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí àbùlé. Mo na ọwọ́ pé kí n bá a di káàdì náà mú, ó gbá ọwọ́ mi dànù: "Kada ki taɓa!" Mo gbọ́ Haúsá tó láti mọ̀ pé ó ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọ̀rá tó wà lọ́wọ́ èèyàn lè ba àyẹ̀wò jẹ́. Ó tẹ́ káàdì sílẹ̀ gbalaja níbi tí oòrùn kò dé, ó ní ó máa tó wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó gbẹ, ẹni tó bá fi í sínú àpò ní tútù ti fi owó ẹni ẹlẹ́ni ṣòfò.

Etí àti ọkàn kò gbà wá ní ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n ki rọ́bà kékeré kan bọ̀ ọ́ létí, rọ́bà náà ń dún tín-tín. Etí tó bá pé á dá ohùn wẹ́wẹ́ kan padà, ẹ̀rọ á sì gbọ́ ọ. Ọ̀tún gbà, òsì kò gbà. Wọ́n ní kí n má tíì sunkún, omi tó bá a wá látinú lè ṣì wà níbẹ̀, kí n padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọn kò ní gbowó mìíràn. Mo padà, ó gbà. Fún ọkàn, wọ́n de nǹkan kan tó ń tan iná pupa mọ́ ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n dè é mọ́ ẹsẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n wo bóyá ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ dọ́gba lápá méjèèjì. Ó dọ́gba. Ìràwọ̀ kẹta nìyẹn.

Lóru ọjọ́ náà, ọmọ kò sùn, mo bá ń kà nípa ìwé pélébé yẹn lórí fóònù. Ará Amẹ́ríkà kan, Robert Guthrie, ló gbé e kalẹ̀. Ọmọkùnrin rẹ̀ kan ní ìṣòro ọpọlọ, ọmọbìnrin kan nínú ẹbí ìyàwó rẹ̀ sì ní àìsàn tí wọ́n ń pè ní PKU: èròjà kan wà nínú ẹran, wàrà àti ẹ̀wà tí ara ọmọ bẹ́ẹ̀ kò lè fọ́ sí wẹ́wẹ́, á máa kó jọ, á máa jẹ ọpọlọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá tètè mọ̀, tí wọ́n yí oúnjẹ rẹ̀ padà, ọmọ náà á dàgbà bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Guthrie wá ọ̀nà láti fi ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ mọ̀ ọ́n, ìpínlẹ̀ Massachusetts sì sọ ọ́ di dandan ní 1963. Ohun tó wú èmi oníṣòwò lórí ni pé ó ti gbẹ. Kò sí ọ̀rọ̀ yìnyín, kò sí ìgò tó máa fọ́, èèyàn á fi sínú àpòòwé, ó di ọwọ́ onílẹ́tà. Mo ti kó ọjà láti Kano rí tí ìpara ọmọ yọ́ sórí aṣọ ọmọ nínú ọkọ̀, mo mọ iyì ohun tí kì í bàjẹ́ lọ́nà. Ìwé tó ṣeé fi ránṣẹ́ kíákíá ni ọkùnrin yẹn ṣe. Ibẹ̀ gan-an sì ni wọ́n ti já mi kulẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ yẹn náà ni ìyá ọkọ mi dé láti Ọ̀ffà. Wọ́n gbé àpótí kan wá, onípákó, tó ní kọ́kọ́rọ́. Aṣọ tí ọkọ mi wọ̀ nígbà tó wà ní ìkókó ló wà nínú rẹ̀: fìlà tí wọ́n fọwọ́ hun, ṣáálì funfun, ọ̀já àdìrẹ méjì. Ogójì ọdún, kò sí ihò kan, kò sí ibi tí kòkòrò fẹnu kàn. Bí wọ́n ti ṣí i ni òórùn káńfọ̀ gba gbogbo yàrá, ojú mi ṣomi. Ìyá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọdọọdún ni mo ń pààrọ̀ rẹ̀." Wọ́n dé fìlà náà fún ọmọ, wọ́n fi ṣáálì wé e, wọ́n ń ki oríkì rẹ̀, omijé ń bọ́ lójú wọn. Ta ló máa wá sọ pé kí wọ́n bọ́ ọ?

Ọjọ́ Àìkú, ẹyinjú ọmọ ti pọ́n. Ìyá ní ibà pọ́njú lásán ni, ká máa gbé e sí oòrùn àárọ̀, ká fún un ní omi gúlúkóòsì. Mama Khadija tó wà ní yàrá kejì náà ní oòrùn ni. Èmi pẹ̀lú, kí n má purọ́, mo gbé e sí oòrùn lẹ́bàá ògiri fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nígbà tó máa di alẹ́, pípọ́n náà ti dé àtẹ́lẹsẹ̀, kò fẹ́ mu ọmú mọ́, igbe rẹ̀ sì ti yí padà, ó ń han bíi pé nǹkan ń ta á. Ọkọ mi kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó ní, "Dìde, ká lọ."

Aago méjì òru ọjọ́ Ajé ni wọ́n gbà á sílé ìwòsàn. Nọ́mbà tí wọ́n kọ fún pípọ́n rẹ̀ jẹ́ 19, dókítà ní ká gbàdúrà kó má di ọ̀rọ̀ pípààrọ̀ ẹ̀jẹ̀. Kó tó bi mí ní ohunkóhun, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọmọ, ó fa imú sí ṣáálì. "Ta ló fi káńfọ̀ sí aṣọ yìí?"

Ẹnu mi wúwo. Ẹ rántí pé mo ní ṣọ́ọ̀bù. Káńfọ̀ wà lórí àtẹ mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọṣẹ ọmọ, mẹ́rin mẹ́rin nínú ọ̀rá, funfun báláú. Ẹni tó bá ra ẹrù ọmọ púpọ̀ lọ́wọ́ mi, ọ̀rá kan ni mo máa ń fi ṣe ẹ̀ènì fún un.

Dókítà kò pariwo mọ́ mi. Ó ní ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ pupa tí wọ́n ń pè ní G6PD, òun ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ fọ́ tí nǹkan bá gún un. Ẹni tí tirẹ̀ kò tó kò ní mọ̀, á máa jẹ, á máa mu, títí yóò fi pàdé nǹkan bíi káńfọ̀, tàbí oògùn ibà bíi primaquine, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Pàǹtí ẹ̀jẹ̀ tó fọ́ ló ń sọ ara di pípọ́n. Ẹ̀dọ̀ ìkókó kò tíì lágbára àtikó o dànù. Tó bá pọ̀ jù, á wọnú ọpọlọ. Lára àwọn ọmọ tó bá yè é, òmíràn á dití, òmíràn kò ní lè jókòó. Ó ní òun kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé G6PD ni, torí pé àyẹ̀wò rẹ̀ lè tan èèyàn jẹ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń fọ́ lọ́wọ́. Ó bi mí bóyá wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà kó tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni! Ó wà lórí káàdì ní Gwarinpa. Inú rẹ̀ dùn, ó ní kí n pè wọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ọkùnrin ló máa ń mú jù, ọ̀dọ̀ ìyá ló sì ti ń wá. Èmi tí mo ti ń sá fún S láti ọjọ́ ìgbéyàwó, n kò mọ̀ pé nǹkan mìíràn wà lápò mi. Kì í sì í ṣe àìsàn àlejò o. Dókítà ará Ítálì kan, Lucio Luzzatto, tó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1960, wà lára àwọn tó fi hàn ní 1969 pé G6PD tí kò tó yìí ní bó ṣe ń dènà ibà, ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ lára wa tó báyìí. Ìbàdàn níhìn-ín! Ọdún 1969! Èmi sì ń fi káńfọ̀ ṣe ẹ̀ènì.

Mo pe ilé àyẹ̀wò. Mo ní G6PD wà nínú ìwé pélébé tí ẹ fún mi, mo rí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ti ọmọ mi, ó wà lábẹ́ iná tí wọ́n fi ń lé pípọ́n lára. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní, "Mà, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni èsì máa ń gbà."

Ọjọ́ mẹ́rin ni ọmọ lò lábẹ́ iná búlúù. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ bá a níbẹ̀. Orí fóònù ni Àfáà ti pe orúkọ rẹ̀, mo gbé fóònù sún mọ́ gíláàsì, ọmọ wà níhòòhò tòun ti pámpásì, wọ́n fi aṣọ bo ojú rẹ̀ bí ẹni ń ṣe bojúbojú. Rìdwán. Ìyá jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, wọn kò wọlé. Kò sẹ́ni tó bá wọn wí, àwọn fúnra wọn ni kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni.

Mo pe ilé àyẹ̀wò ní ọ̀sẹ̀ kejì: "Ó wà lọ́nà, mà." Ọ̀sẹ̀ kẹta: "Àwọn ará Íńdíà la ń dúró dè, mà." Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo wọ kéké lọ bá wọn. Ìyá nọ́ọ̀sì yẹn ló fà mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní ká sọ òótọ́, wọn kì í fi káàdì ránṣẹ́ àyàfi tó bá pé ogún, torí owó tí àwọn agbéẹrù ń gbà. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi lò nínú fìríìjì wọn, ó ń dúró de ẹlẹgbẹ́ bíi bọ́ọ̀sì Utako tó ń dúró de èrò. Ní England, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta péré ni wọ́n fún káàdì láti dé ilé àyẹ̀wò lẹ́yìn tí wọ́n bá gún ọmọ. Ìràwọ̀ kẹrin àti ìkarùn-ún, inú fìríìjì yẹn ni wọ́n wà.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó jù. Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ san ₦185,000, ọ̀fẹ́ ni mo rí i, lórí bẹ́ǹṣì, nígbà tí Rìdwán pé ọjọ́ méjìlá tí mo gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára nítòsí ilé wa ní Kubwa. Wọ́n gún gìgísẹ̀ kejì, ẹ̀kán kan, wọ́n pò ó mọ́ omi díẹ̀, wọ́n ti ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ̀ ọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ̀yin tí ẹ máa ṣe é, ẹ gbọ́ o: lórí ìwé tiwọn, ilà tí kò bá yọ ló ń sọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Èmi kò mọ̀. Mo wò ó, ilà A kò yọ, ọkàn mi já, mo ní A kò sí, Kòkúmọ́ ti padà dé. Mo dìde dúró, n kò mọ ibi tí mò ń lọ. Nọ́ọ̀sì, ọmọ Èkìtì kan, di ọwọ́ mi mú. "Ìyá Rìdwán, ẹ jókòó. Èyí tó bá pòórá ni ó ní. A pòórá, S pòórá, C yọ. AS ni." Ó ní ká dúpẹ́ pé kò di ọ̀rọ̀ pípààrọ̀ ẹ̀jẹ̀, torí pé ẹ̀jẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni ni àwọn ì bá máa kà.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Obiageli Nnodu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Àbújá gbé lọ sáwọn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ní Gwagwalada, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní 2020: ibi tí ìyá ti gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ ni kí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó ronú kan èyí mọ ìyá ọmọ. A lè má rí owó lọ Gwarinpa, ṣùgbọ́n a ò ní pa ọjọ́ abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ jẹ. Nǹkan bí 150,000 ọmọ SS ni wọ́n sọ pé à ń bí lọ́dún ní Nàìjíríà, kò sí orílẹ̀-èdè tó tó wa.

Ọjọ́ kẹtàlélógójì, èsì Gwarinpa dé nínú ímeèlì. Ojú ewé mẹ́fà. Wọ́n kọ ọmọbìnrin sí i. Àìsàn jàǹrẹrẹ tí n kò lè pe orúkọ wọn, wọ́n kọ ọ́ síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan pé kò sí. Ní ojú ewé karùn-ún: G6PD, kò tó. Ó tán. Kò sí àlàyé, kò sí ẹni tó pè mí, kò sí ìwé ohun tí mo gbọ́dọ̀ yẹra fún. Ilé ìwòsàn tó gbé e sábẹ́ iná ló fún mi ní ti káńfọ̀ àti oògùn.

Lórí ìwé náà, wọ́n ní tàírọ́ìdì rẹ̀ dára, mo dúpẹ́. Àmọ́ ẹ bá mi rò ó. Ọmọ tí tàírọ́ìdì rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́, oògùn wẹ́wẹ́ kan lóòjọ́ ló máa gba ọpọlọ rẹ̀ là, tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì! Ká ní tiẹ̀ kò dára ńkọ́, ọjọ́ 43 ni wọn ì bá fi sọ fún mi?

Ní Philippines, G6PD wà lára márùn-ún tí wọ́n ń yẹ̀ wò kí wọ́n tó fẹ̀ ẹ́ kọjá ogún. Ilé ìwòsàn 24 ní agbègbè Manila ló bẹ̀rẹ̀ ní 1996, wọ́n sọ ọ́ di òfin ní 2004, adójútòfò ìlera ìjọba sì ń san án. Ní Brazil, àyẹ̀wò ẹsẹ̀ kékeré ni wọ́n ń pè é, ìjọba ń ṣe é káàkiri orílẹ̀-èdè láti 2001, fòníkú-fọ̀ladìde sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé S dé ọ̀hún, wọ́n sì ti ń wá a lára ọmọ wọn kí àwa tó bẹ̀rẹ̀. England ní tiwọn ti ń gbìyànjú láti ka gbogbo jíìnì ọmọ tuntun 100,000. Kí Ọlọ́run fún wọn ṣe. Èmi kò bèèrè ìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta àyẹ̀wò yìí ní Àbújá, ẹ fi àádọ́ta yín sílẹ̀, ẹ ta mẹ́rin fún mi: S, G6PD, tàírọ́ìdì, etí. Ẹ ṣe é níbí, kí ẹnì kan pè mí kí ọ̀sẹ̀ tó yí.

Mo kọ̀wé sí wọn. Wọ́n ní àwọn máa yí ọmọbìnrin sí ọmọkùnrin, wọ́n sì fún mi ní ẹ̀dínwó fún ọmọ tó ń bọ̀. Ọmọ wo?

Mo ti kó káńfọ̀ kúrò lórí àtẹ. Ó dín ọjà mi kù díẹ̀, àwọn ìyá àgbà máa ń bèèrè rẹ̀, mo máa ń sọ ìtàn fún wọn, àwọn kan á gbọ́, àwọn kan á lọ rà á ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Ìyá Ọ̀ffà fọ gbogbo aṣọ inú àpótí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n sá a lórí okùn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, wọ́n ń fi imú fà á láràárọ̀. Wọ́n ní òórùn náà kò tíì lọ. Wọ́n gbé e padà sí Ọ̀ffà.

Tí ẹ bá ṣì fẹ́ lọ síbẹ̀, ẹ má lọ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹ bèèrè iye káàdì tó ti wà nínú fìríìjì kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sínú rìsíìtì. Ẹ mú ṣáálì méjì dání nítorí òtútù. Ẹ bèèrè ìyá nọ́ọ̀sì tó ń sọ Tiv, kì í sí níbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. ₦185,000 ni èmi san. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 120.